Raliat Ríwáyà àti Ọkọ̀ Alhaji Àkànjí

Tí ẹ bá dé Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ẹ béèrè ríwáyà tó mọṣẹ́ jù, obìnrin kan tó wọ híjáàbù, tó ki orí bọ inú ọkọ̀ dé èjìká, ni wọ́n máa nàka sí. Ọ̀rẹ́ mi Raliat nìyẹn. Títún waya ọkọ̀ ṣe ló fi ń jẹun. Èmi Haneefah, irun ni mò ń dì ní Under G, n kò sì mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀ ju kí n wọ̀ ọ́ lọ.

Ìṣòro Raliat kan ṣoṣo ni Alhaji Àkànjí, bàbá Anas tó fẹ́ fi í ṣaya. Tíṣà sáyẹ́ǹsì tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ní ìlú Ọ̀yọ́. Wọ́n ní obìnrin tí ara rẹ̀ ń rùn fún epo ọkọ̀ kò ní ṣe ìyàwó ilé àwọn. Anas bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n wá ní kó mú un wá lẹ́ẹ̀kan, kí àwọn rí i kí àwọn tó sọ pé rárá.

Mo kun làálì sí Raliat lọ́wọ́ dé ọrùn ọwọ́, kó lè bo epo dúdú tó ti wọ̀ ọ́ léèékánná. Mo kìlọ̀ fún un pé lónìí, kì í ṣe ríwáyà o, ọmọ ọlọ́mọ ni. Kò gbọdọ̀ dárúkọ ọkọ̀.

A débẹ̀ láàárọ̀ Sátidé. Màmá Anas fún wa ní ẹ̀wà pé ká ṣà á ní ilé ìdáná. Baba ti múra, wọ́n ń lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ so yìgì ọmọ ọ̀rẹ́ wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ti kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ lọ ra obì l'Ọ́jà Akẹ̀sán, wọ́n sì gbé e padà láìsí wàhálà. Àfi bí wọ́n ṣe tún yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tí iná pupa tàn níwájú wọn, tí ọkọ̀ ò sì dá wọn lóhùn.

Àwọn ọkùnrin aládùúgbò mẹ́fà dé, ọ̀pọ̀ wọn ni Baba ti nà rí ní kíláàsì. Ọ̀kan ní bátìrì ti kú. Ó tẹ fèrè ọkọ̀ láti fi hàn wá, fèrè náà sì ké débi pé ewúrẹ́ méjì sá wọ ilé ìdáná. Ó ní, "Ẹ ò rí i bí?"

Raliat ní, "Bátìrì tó kú kì í pariwo báyẹn."

Mo ní, "Ṣa ẹ̀wà ẹ."

Wọ́n gbé bátìrì mìíràn wá, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ fi lélẹ̀. Ẹlòmíì mú òòlù, ó ń gbá kíkì tó ń ṣáná sí ẹ́ńjìnnì, ó ní kó jí. Raliat ní, "Kíkì tó bàjẹ́ á ṣì máa dún 'kà' lẹ́ẹ̀kan. Èyí ò dún rárá. Iná ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni." Nígbà tí mo wo abọ́ rẹ̀, òkúta ló ń kó jọ, ẹ̀wà ló ń dà nù.

Wọ́n ní kí wọ́n ti ọkọ̀. Ọkọ̀ yí dé ìdí igi gúáfà. Raliat yọjú lójú fèrèsé, ó sì mú mi lápá.

"Haneefah, ọtomátíìkì ni. Tó bá wà lórí P tó wà fún ìdúró, kò ní ṣeé tì. Orí D tó wà fún ìrìn ni Baba pa á sí kí wọ́n tó bọ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ ò sì ní gbà kí iná dé ọ̀dọ̀ kíkì lórí D, kó má baà fò sáré lọ pa èèyàn."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Àmọ́ ọ̀kan nínú wọn ti mú píláyà, ó ní àpótí tó jẹ́ ọpọlọ ọkọ̀ ló dààmú, òun fẹ́ gé waya rẹ̀. Ojú Raliat pọ́n. Tó bá dákẹ́, wọ́n á ba ọkọ̀ jẹ́. Tó bá sì sọ ọ́, ó ti dójú ti Tíṣà lójú àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ ní sáyẹ́ǹsì, ó di kó máa lọ sílé.

Ó jáde, ó kúnlẹ̀. "Baba, ẹ kú ìnira. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kí n wò ó?"

Baba wo làálì, wọ́n wo aago. "Wò ó."

Ó pe àwọn ọkùnrin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sídìí ẹ́ńjìnnì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi di waya pupa yìí mú. Ẹ̀yin tó kù, ẹ má gbójú kúrò lára ẹ̀ o." Waya fèrè ni, ó sọ fún mi lẹ́yìn náà. Bí wọ́n ṣe tẹjú mọ́ ọn, Raliat na ọwọ́ gba ojú fèrèsé ọkọ̀, ó sì rọra ti gíà sórí P. "Ẹ dán an wò, sà."

Baba wọlé, wọ́n yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọkùnrin náà bi Raliat pé kí ló ṣe ọkọ̀. Ó ní, "Waya yẹn ni. Ẹ ṣeun, ẹ dì í mú dáadáa." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bọ ara wọn lọ́wọ́.

Baba wo gíà, wọ́n wo Raliat, wọ́n sì wa ọkọ̀ lọ láìdúpẹ́. Inú bí mi sí bàbá náà, n kò ní purọ́. A padà sí Sábó. Raliat ní òun ti fọwọ́ ara òun ba ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó náà jẹ́.

Lálẹ́, Anas pè. Baba ní kí wọ́n lọ mú ọjọ́ yìgì. Wọn ò sọ ìdí rẹ̀.

Lọ́jọ́ yìgì náà, Baba fúnra wọn ni wọ́n fẹ́ fi ọkọ̀ gbé ìyàwó lọ sílé ọkọ. Wọ́n yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ ò dá wọn lóhùn. Àwọn mẹ́fà yẹn ti ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ni Baba bá sọ̀kalẹ̀, wọ́n ká agbádá sí èjìká, wọ́n pe ìyàwó lójú gbogbo èrò.

"Raliat, sọ̀kalẹ̀ wá wò ó. Mo ti wo gíà o, orí P ló wà. Kì í ṣe èmi lọ́tẹ̀ yìí."

Ẹni tó di waya pupa mú lọ́jọ́sí wo ọwọ́ ara rẹ̀.