Èéfín tí a Dúpẹ́ Fún

Kí àkùkọ tó kọ ni mo ti kúrò ní Iléṣà. Alágbàfọ̀ ni mí. Ẹ̀rọ ìfọṣọ ti gba àwọn oníbàárà mi tán, onílé sì ti ní kí n kó kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù tí oṣù bá ti parí. Àsìkò yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi, Sister Bọ́sẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní Port Harcourt, sọ fún mi lórí fóònù pé èéfín dúdú látibi tí wọ́n ti ń fi iná se epo rọ̀bì ń bọ́ láti òkè níbẹ̀, pé aṣọ funfun kì í mọ́ dọ̀la. Háà! Mo fò sókè. Ibi tí aṣọ ti ń dọ̀tí lójoojúmọ́, kí ni alágbàfọ̀ tún ń wá? Láti ọjọ́ náà lèmi àti ìyàwó mi ti ń kúnlẹ̀ lálaalẹ́, tí à ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún èéfín.

Ọ̀nà ṣe é fojú rí títí dé Benin. Lẹ́yìn Warri, kòtò gba ọkọ̀ lọ́wọ́ awakọ̀, gbogbo egungun mi ló ń dùn mí. Ìrọ̀lẹ́ la dé Rumuokwuta ní Port Harcourt. Mo ra bọ̀ọ̀lì níbẹ̀. Ẹ̀pà làwa fi ń jẹ tiwa; ẹja yíyan àti ata elépo ni wọ́n fi ń jẹ tiwọn, owó ẹyọ kan á sì ra mẹ́ta nílé. Ó dùn o, n ò ní parọ́.

Gbogbo fèrèsé ilé Sister Bọ́sẹ̀ ni wọ́n tì pa nínú ooru yẹn. Síbẹ̀, èéfín dúdú orí ilẹ̀ lẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Inú mi tún dùn sí i, ẹ forí jì mí.

Lówùúrọ̀, mo gba aṣọ akọrin funfun rẹ̀ pé kó wo iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mo fọ̀ ọ́, mo fi búlùú sí i, mo fi sítáàṣì sí i, mo wá sá a síta gbangba bí a ti ń ṣe nílé, torí oòrùn ló ń jẹ́ kí aṣọ funfun tàn. Mo jókòó tì í bí ọ̀gá.

Tómi, ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, jáde, ó figbe ta: "Uncle! Who tell you say make you spread am for outside?" Ta ló ní kí n sá a síta, ohun tó ń bi mí nìyẹn. Ikọ́ gbé e kó tó sọ̀rọ̀ tán. Mo wo aṣọ: àmì dúdú wínníwínní ti bò ó. Mo fọwọ́ gbọ̀n ọ́n, dúdú náà fà kálẹ̀ lára aṣọ. Mo tún un fọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó di aláwọ̀ eérú.

"Fi sílẹ̀, àbúrò mi," ni Sister Bọ́sẹ̀ wí. "Inú yàrá là ń sá aṣọ sí níbí. Ọ̀pọ̀ wa ò tiẹ̀ wọ funfun mọ́."

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n wá?"

"Èmi kọ́! Mo kàn ń ráhùn fún ọ ni." Ó fi áńkáṣíìfù nu imú Tómi, ó nà án sí mi. Dúdú kirikiri. "Aṣọ nìkan lo gbọ́. Inú ọmọ mi ńkọ́, ta ni yóò bá mi fọ ìyẹn?"

Ojú tì mí.

Ọjọ́ kẹta ni mo padà. Nígbà tí mo fun imú ní Benin, dúdú ló jáde. Ẹ̀kọ́ tí mo kó bọ̀ kò ju èyí lọ: ẹkún ẹlẹ́kún ni mo pè ní ọjà. Oṣù ti parí, ṣọ́ọ̀bù sì ti lọ.

Kí n tó jókòó nílé, ìyàwó mi ti fà mí kúnlẹ̀. "Olúwa, a dúpẹ́ o, fún lílọ, fún bíbọ̀, àti fún èéfín Port Harcourt."

Ó ń retí àmín mi. Ikọ́ Tómi ni mo ń gbọ́. N ò lè ṣe àmín.