Bàtà Òjò Ọmọ Aláṣọ Funfun

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí èmi àti àwọn òbí mi ń gbé ní Katy lẹ́bàá Houston, ẹsẹ̀ mi ni kì í jẹ́ kí ayé yé mi. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà nínú ìjọ aláṣọ funfun ní Houston níbí, ẹ ti mọ ohun tí mò ń wí. Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, tísà wa kò ní gbà kí ọmọ kankan bọ́ bàtà nínú kíláàsì. Tó bá wá di Sọ́ńdè, bí èèyàn bá ti wọ sùtánà báyìí, bàtà ti di èèwọ̀ nìyẹn. Láti ẹnu ọ̀nà ilé ni a ti máa ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn dé ìdí mọ́tò, àwọn aládùúgbò a sì máa yọjú wò wá bí ẹni pé olè ló kó bàtà wa. Mo bi Màámi léèrè nígbà kan pé ta ló tọ̀nà, ṣé tísà ni àbí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní àwọn méjèèjì ni. Ẹ gbà mí, irú ìdáhùn wo nìyẹn?

Sátidé ni a máa ń fọ sùtánà. Màámi kì í fọ aṣọ funfun pọ̀ mọ́ aṣọ mìíràn, ìbọ̀sẹ̀ aláwọ̀ kan ò tó bẹ́ẹ̀ kó sún mọ́ ọn. Èmi ni mo ń ká wọn, òórùn ọṣẹ àti ti áyọ́ọ̀nù gbígbóná a sì gba gbogbo pálọ̀. Bí mo bá jẹ́ kí ọ̀kan fara kan ilẹ̀, ìkúnlẹ̀ ni, ọwọ́ sókè, kí n kọjú sí ògiri, kí n máa gbóòórùn dòdò tí wọ́n ń dín ní kíṣìnì. Bàámi ní tiwọn kì í na ọmọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìlànà ṣọ́ọ̀ṣì kì í ṣe eré lọ́wọ́ wọn. Àwọn ni wọ́n ń dúró ní ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n ń dá ẹni tó bá wọ bàtà pẹ̀lú sùtánà padà, wọn kì í sì í wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ ni a ń lò fún ṣọ́ọ̀ṣì nígbà náà. Iwájú rẹ̀ kò ní ọ̀dà, koríko àti ẹrẹ̀ ni. Ẹ sì mọ òjò Houston, kò ní pẹ́ rọ̀ tí omi á fi dé ọrùn ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn, bí àwọn àgbà bá ń ṣe ìpàdé wọn tí kì í tán, àwa ọmọbìnrin a jẹ ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata nínú abọ́ pépà, a ó wá máa ṣe tẹ́ǹtẹ́n nínú omi, ẹsẹ̀ sókè, ẹsẹ̀ nílẹ̀, ẹrẹ̀ á máa ta sí sùtánà. Ibi tí a ti ń ṣeré yìí ni mo ti fi ẹsẹ̀ tẹ àwọn èèrà pupa. Bí òjò bá rọ̀ sí ihò wọn, ṣe ni wọ́n máa ń so mọ́ ara wọn, wọ́n á léfòó lórí omi bíi gàrí inú abọ́. Èmi rò pé pàǹtí lásán ni. Kí n tó kígbe, wọ́n ti gun ẹsẹ̀ mi dé orúnkún.

Ẹsẹ̀ mi wú, ojú mi wú, ọ̀fun mi bẹ̀rẹ̀ sí í fún. Nọ́ọ̀sì ni Màámi, iṣẹ́ wọn yẹn ló sì yọ mí lọ́jọ́ náà, nítorí àwọn tó kù ṣì ń wá òróró àdúrà nígbà tí Màámi ti gbé mi sínú mọ́tò lọ sí ọsibítù. Dókítà ní ara mi kò gba oró èèrà náà rárá, pé bí wọ́n bá tún ta mí bẹ́ẹ̀, èémí mi lè dí. Ó ní kí n má ṣe fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ tútù mọ́. Nígbà tí a délé, Màámi kọjú sí Bàámi. "Dádì Tóyìn, it's either rain boots, tàbí kí Tóyìn má lọ sí church mọ́. Ẹ mú ọ̀kan."

Bàámi ò mú ọ̀kan kan. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ni wọ́n mú, wọ́n kó wa lọ sí ilé ìtajà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ̀ pé bàtà òjò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láyé. Ojú mi kọ́kọ́ lọ sí pupa kan tó ń dán, tí wọ́n so ríbọ́ọ̀nù sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Mummy, this one! Ẹ jọ̀ọ́, Mà!" Bàámi mi orí, pé pupa kò sí fún aláṣọ funfun. Màámi ní ohun tó bá wu ọmọ jẹ kì í run ọmọ nínú. "Ta ló ń sọ̀rọ̀ inú?" ni Bàámi wí. "Ẹsẹ̀ ni à ń wí." A kan dúdú, ìyẹn náà èèwọ̀. Aláwọ̀ ewé kan dára lójú, àmọ́ inú rẹ̀ le, ó ń ha mí lójúgun. Aláwọ̀ ojú ọ̀run kan tó ní òdòdó wẹ́wẹ́ ló wá bá mi lẹ́sẹ̀ mu wẹ́kú. Ó rọ̀, ó rẹwà, mo wọ̀ ọ́ lọ sí iwájú dígí, mo yí, mo tún yí. Màámi fi àtàǹpàkò tẹ iwájú rẹ̀, wọ́n ní kí a mú èyí tó fi nọ́ńbà méjì jù ú lọ, nítorí ẹsẹ̀ ọmọ ń dàgbà. Mo wọ ìyẹn, ó ń dún gbàǹgù-gbàǹgù bíi kórọ́bà. Bàámi wo òdòdó náà títí, wọ́n ní àwọn ò rí òdòdó lábẹ́ sùtánà rí. Ọ̀kan ní ó kéré, èkejì ní fáàrí rẹ̀ ti pọ̀ jù, èmi tí mo ni ẹsẹ̀, ẹnikẹ́ni ò bi mí.

Apá ibi tí wọ́n ti ń ta àwọ̀n àti ìwọ̀ ẹja ni Bàámi ti padà wá tayọ̀tayọ̀, pẹ̀lú búùtù funfun báláú, irú èyí tí àwọn tó ń pa edé ní Galveston máa ń wọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. "Aṣọ funfun, bàtà funfun," ni wọ́n wí. "Ta ló máa rí i?"

Màámi wò wọ́n. "Dádì Tóyìn, ṣé color ni èèwọ̀ ni, àbí bàtà?"

Bàámi ti ń wá èyí tó kéré jù nínú rẹ̀. Mo sunkún òdòdó mi títí a fi délé.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, omi ti gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Mo sọ̀ kalẹ̀, búùtù dé orúnkún, òórùn rẹ̀ bíi ti táyà tuntun, ìbọ̀sẹ̀ méjì-méjì sì wà lẹ́sẹ̀ mi kó má baà bọ́. Ìyá Ìjọ, arúgbó tí gbogbo wa ń bẹ̀rù, dúró ní ẹnu ọ̀nà. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n wo ojú Bàámi. "Ìwọ tí ò ń lé ọmọ ọlọ́mọ padà, ọmọ tìẹ ló wọ búùtù wá yìí?"

Bàámi wo ojú omi bóyá èèrà wà níbẹ̀, wọ́n wo Màámi tó ti ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò padà pé kí n wọlé ká máa lọ. Mi ò rí i rí kí ọ̀rọ̀ rú mọ́ Bàámi lójú bẹ́ẹ̀. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ní kí n gun ẹ̀yìn àwọn. Wọ́n pọ̀n mí, èmi pẹ̀lú búùtù, àwọn pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, wọ́n la omi náà kọjá.

"Ẹsẹ̀ ta ló ń tẹ ilẹ̀ yìí?" ni Ìyá Ìjọ béèrè.

"Tèmi ni, Mà," ni Bàámi wí.

"Ó wọ bàtà?"

"Kò wọ bàtà, Mà."

Ìyá Ìjọ yà fún wa. Kí Bàámi tó sọ̀ mí kalẹ̀, wọ́n ti yọ búùtù náà lẹ́sẹ̀ mi. Mo béèrè títí bóyá mo wọ bàtà lọ́jọ́ yẹn tàbí mi ò wọ bàtà, títí dòní kò tíì yé mi. Ohun tó yé mi ni pé èèrà ta Bàámi, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ kan ha èkejì nígbà ìwàásù, wọn ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pọ̀n mí ní gbogbo ìgbà tí òjò bá rọ̀, títí mo fi di ọmọ ńlá tí ojú ń tì. Mo fẹ́ràn wọn ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ayé ti yàtọ̀ báyìí. Wọ́n ti da ọ̀dà sí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, bàtà òjò sì ti di ohun oge, òmíràn ní síìpù, òmíràn rọ̀ nínú bíi tìmùtìmù. Fóònù ni àwọn ọmọ mi ń tẹ̀, bàtà á sì bá wọn nílé wa ní Spring níbí, pupa ni o, dúdú ni o, ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n. Ọ̀dọ̀ mi ni Bàámi ń gbé. Àtọ̀gbẹ ti mú wọn, ẹsẹ̀ wọn ò mọ ìrora mọ́. Dókítà ní ọgbẹ́ kékeré kan lè mú kí àwọn gé ẹsẹ̀ náà, pé kí wọ́n má ṣe fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ mọ́ níbikíbi. Bàámi gbọ́, wọ́n dúpẹ́, Sọ́ńdè dé, wọ́n tún fi ẹsẹ̀ lásán jáde. Mo ní bí wọn ò bá wọ bàtà, mi ò ní gbé wọn lọ mọ́.

Nígbà èwe mi, àwọn méjì ló ń jà nítorí ẹsẹ̀ mi, èmi kàn ń sunkún ni. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi nìkan ni mo lọ yan búùtù náà, èmi ni mo pàṣẹ, mo sì borí. Ó fẹ̀, ó rọ̀, ó yẹ wọ́n. Wọ́n wọ̀ ọ́ láti ilé lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó kọjá láìjanpata, inú mi dùn gan-an. Ìgbà tí mo páàkì sí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ni mo tó rí i pé wọn ò wọ sùtánà. Wọ́n ká a sórí itan wọn, wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ́ ẹ. Wọ́n ní kí n máa wọlé lọ, kí n ṣáà sọ gíláàsì mọ́tò kalẹ̀ díẹ̀, kí àwọn lè máa gbọ́ orin.