Ògógóró Tí Mo Rà fún Kọ̀ǹpútà

Eruku Òrè kì í ṣe eruku kékeré. Ọkọ̀ agégẹdú ń gbé e wá láti ọ̀nà Òdígbó, ọkọ̀ èrò ń gbé e wá láti ọ̀nà Bìní, gbogbo rẹ̀ sì ń wọ ṣọ́ọ̀bù mi, níwájú ilé tí bàbá mi kọ́ nígbà tí owó epo rọ̀bì gbòde. Ibẹ̀ ni mo ti ń fi kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tẹ ìwé fún àwọn èèyàn. Ìyàwó mi ló ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kí n tó lè rà á, lẹ́yìn tí mo búra fún un pé n kò ní fẹnu kan ọtí mọ́.

Lọ́dún kejì, kọ̀ǹpútà náà kọ̀. Bí mo bá tàn án, á kàn máa ké pí-pí-pí, ojú rẹ̀ á sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọkùnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, tí kò tíì pẹ́ tó dé Òrè, tú u wò, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Bọ̀dá, ṣé ẹ gbin kòkó síbí ni?”

Eruku àti ìtọ̀ aáyán ti lẹ̀ mọ́ bóòdù inú rẹ̀, àwọn irin wẹ́wẹ́ ibẹ̀ sì ti ń dógùn-ún. Ó ní kí n fi sípírítì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́. Mo ní sípírítì ti tán ní kẹ́míìsì.

“Ẹ ra ògógóró nígbà náà. Èyí tó bá ti gbiná lójú ẹsẹ̀, òun ló dára.”

Kò mọ̀ mí ni. Ẹni tó mọ̀ mí ní Òrè kò ní rán mi nírú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Èmi rí ejò gan-an, mo tún fẹsẹ̀ ara mi lọ rà á.

Ìyá àgbà tó ń ta ògógóró nítòsí gáréèjì rí mi. “Ọma mi, ulé ńkọ́?” Mo ní wọ́n wà. Mo ní kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ fi fọ̀. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó rọ ọ́ sínú ìgò. N kò bá a wí. Èmi náà kì bá gba ara mi gbọ́.

Mo tẹ́ bóòdù sórí tábìlì, mo ń rẹ búrọ́ọ̀ṣì sínú ìdérí ìgò, mo ń fọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fọ eyín ọmọdé. Ìdọ̀tí ń ṣí, inú mi ń dùn. Ṣùgbọ́n òórùn náà ti gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù, itọ́ sì ti kún ẹnu mi. Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Mo tún rọ ìdérí kún.

Ìgbà náà ni ìyàwó mi ti oko dé, apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ lórí rẹ̀.

“Bóòdù ni mo ń fọ̀,” ni mo sáré wí.

Ó wo búrọ́ọ̀ṣì. Ó ti gbẹ. Ó wo ìdérí tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ètè mi. Ojú tì mí dé egungun, ẹ̀rù sì bà mí pé ibi tó gbẹ́rù dé yìí náà ni yóò ti máa lọ sílé bàbá rẹ̀. Ó sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀. Ó gba ìdérí lọ́wọ́ mi, kò jẹ́ kó ta sílẹ̀, ó sì mú búrọ́ọ̀ṣì.

“Ibo ló kù tẹ́ ẹ fẹ́ fọ̀?”

Mo nàka sí i. Nígbà tó fọ̀ ọ́ tán tó sì gbẹ, mo tò ó padà, mo tàn án, ojú kọ̀ǹpútà là. Ìyàwó mi ki ìgò náà sábẹ́ ẹ̀gẹ́, ó gbé e lọ sílé.

Láti ọjọ́ náà, òun ló ń fọ bóòdù ní ṣọ́ọ̀bù wa. Àwọn oníbàárà máa ń yìn ín pé ó mọ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀. Èmi á lọ jókòó síta níbi tí eruku wà, títí yóò fi pè mí pé ó ti gbẹ.