Ẹ̀rọ Kọfí Dáhùnsí àti Tíì Ìyá Rẹ̀

Bí ẹ bá bi Dáhùnsí léèrè lónìí, yóò sọ fún yín pé ẹ̀rọ kékeré kan ló gba ìyá òun lọ́wọ́ òun. Irọ́ ló ń pa. Ẹ̀rọ kò mọ nǹkan kan. Òun ni kò gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ ń sọ, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi ń dùn ún títí di àkókò yìí.

Tírélà ni Dáhùnsí ń wà. Ọdún mẹ́rìndínlógún gbáko ni ó ti ń gbé kọ̀nténà láti Apapa lọ sí Kánò. Nígbà kan, bí wọ́n bá ti di ẹrù rẹ̀ tán, yóò gbé ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ Creek Road, yóò wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Ajégúnlẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kí ó lọ gba tíì ojú ọ̀nà. Nínú ilé yẹn, ohun gbígbóná gbogbo tí a bá fi ife mu, tíì ni. Mílò ni ìyá máa ń pò, ó máa ń gún ata ilẹ̀ sí i, ó sì máa ń da mílíkì sí i bí ẹni pé ọmọ ọdún méje ni yóò mu ún.

"Jókòó mu ife kan ná," ni ìyá yóò wí, "kí ìyókù tó wọ fúláàsì."

Dáhùnsí á jókòó sórí àpótí. Ìyá á béèrè ikọ́ rẹ̀, á béèrè táyà ẹ̀yìn, á béèrè ìyàwó. Nǹkan bí ìdajì wákàtí nìyẹn, lẹ́yìn náà ó di Kánò. Kò sí ẹni tó pe ìyẹn ní ìbẹ̀wò. Tíì ni ó wá gbà.

Tamuno, éjẹ́ǹtì tí ó máa ń gba ẹrù jáde fún àwọn oníbàárà ní èbúté, ni ó gbé ẹ̀rọ náà fún un. Ẹni tí ń se oúnjẹ nínú ọkọ̀ ojú omi kan ni ó fi ta Tamuno lọ́rẹ, Tamuno kì í sì í mu kọfí. Kò ga ju ìgò mínírà lọ. Kò lo iná, kò lo bátìrì. Ènìyàn á bu kọfí lílọ̀ sínú abọ́ inú rẹ̀, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á da omi gbígbóná lé e, á wá máa fi àtàǹpàkò tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí yóò fi le mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà náà ni kọfí dúdú tó ki yóò máa sun jáde, tòun ti ìfófòó lórí.

Ní Liverpool Road ní Apapa, àwọn awakọ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Dáhùnsí, na tyre you wan pump?" ni Mọ́rúfù, awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, bi í. Omi gbígbóná ni yóò rà lọ́wọ́ oníṣáì tó ń ta tíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, oníṣáì á sì wò ó tìkà-tẹ̀gbin, nítorí ọjà tirẹ̀ wà níbẹ̀ tí kò rà. Dáhùnsí kò bìkítà. Ó ń yangàn. Ó ti di ẹni tó ń mu kọfí gidi ní Jẹ́bbà.

Ni ó bá gbé e lọ fi han ìyá rẹ̀.

"Màámi, ẹ sinmi. Ẹ má jí ní ìdájí tìtorí tèmi mọ́."

Ìyá yí ẹ̀rọ náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó gbóòórùn ẹnu rẹ̀. "Ibo lo ti máa ń jókòó mu ún?"

"Inú ọkọ̀ ni, mà."

Ìyá dá a padà fún un. "Wàá lò ó gbó o," ni ó wí.

Ire ni Dáhùnsí rò pé òun ṣe. Ó fẹ́ kí ìyá rẹ̀ sùn. Ṣùgbọ́n bí tíì ti tán, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò ní Ajégúnlẹ̀. Ìyá pè é lórí fóònù: "Tíì ti wà nílẹ̀ o."

"Màámi, mo ti ní tíì lọ́wọ́. Mo ti kọjá Ṣàgámù."

Ẹ gbọ́ ìdáhùn òmùgọ̀. Ta ló ń sọ̀rọ̀ tíì? Ìyá pè bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, kó tó ṣíwọ́ ọ̀rọ̀ tíì. Ó lé lọ́dún kan tí ó fi jẹ́ pé orí fóònù nìkan ni wọ́n ti ń kí ara wọn, ṣé ara le, ara le, ó parí.

Chinwe, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí ti ìyá, ni ó pè é níjọ́ kan. "Broda, Mama no dey know road come house again. Na for Marine Beach dem see am, she dey ask people weda trailer don pass."

Ọjọ́ náà gan-an ni Dáhùnsí fi ẹrù sílẹ̀, tó sáré lọ. Ó bá ìyá rẹ̀ lórí ibùsùn, ó ti rù. Kò mọ ohun tí òun lè ṣe. Ó gba omi gbígbóná lọ́wọ́ Chinwe, ó ki kọfí, ó tẹ̀ ẹ́ títí ó fi sun jáde, ó da mílíkì àti ṣúgà lé e. Ó dọ̀bálẹ̀ kí ó tó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife náà fún un.

Ìyá mu díẹ̀. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ ṣeun, sà. Ẹ dìde, ẹ jókòó."

Láti ọjọ́ tí ó ti bí i, ìwọ ni ó ń pè é. Àlejò àti àgbà ni à ń pè ní ẹ̀yin.

"Ṣé ẹ mọ ọmọ mi ni?" ni ìyá bi í. "Òun náà ń wakọ̀."

"Mo mọ̀ ọ́n, mà," ni Dáhùnsí wí. "Ó ní kí n kí yín."

Inú ìyá dùn gan-an. "Ẹ bá mi kí i," ni ó wí. "Ẹ ní mo ní kó rọra máa sáré."