Òjòjò Tí Mo Jí ní Máfolúkù

Nígbà tí mo wà ní kékeré, kí irun orí mi tó funfun báyìí, ilé kan ní Máfolúkù ni a ń gbé, níbi tí bàálù ti máa ń fò kọjá lókè òrùlé débi pé ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ ní láti dákẹ́ kó kọjá ná. Tíṣà ni bàbá àti ìyá mi, ará Èkìtì sì ni wọ́n. Ẹ mọ àwa Èkìtì pẹ̀lú ìwé àti ẹ̀kọ́ ilé. Òfin kan wà nílé wa tó le ju gbogbo òfin yòókù lọ: ọmọ kì í jẹun níta. Bí wọ́n bá fún ọ ní oúnjẹ nílé onílé, kí o ní o ti yó, bí ebi tilẹ̀ ń pa ọ́ kú lọ.

Yàrá tó kángun sí ẹ̀yìn ni obìnrin kan tó ń dín òjòjò tà ń gbé. Ará Ọ̀ṣun ni, kò bímọ, kò sì sí ọkọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Páànù tí wọ́n fi ìṣó lu ló fi ń rin ewùrà. Á po ata àti àlùbọ́sà mọ́ ọn, á wá dín in nínú epo pupa. Ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń dín in. Bó bá kọ́kọ́ yọ ọ́, á kó o sínú ajere kó tutù díẹ̀, torí pé inú rẹ̀ kò tíì jinná. Ìgbà tó bá dá a padà sínú epo lẹ́ẹ̀kejì ló tó di oúnjẹ. Òórùn rẹ̀ nìkan tó láti ba ọmọ jẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo ti iléèwé dé, obìnrin náà lọ pọn omi ní kànga. Ajere òjòjò wà lẹ́bàá ààrò. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo jí i. Mo kó mẹ́fà, mo sá lọ sẹ́yìn ilé ìwẹ̀, mo sì jẹ gbogbo rẹ̀ tán láìmí. Ọ̀kánjúwà kò jẹ́ kí n rántí pé inú èyí tó wà nínú ajere kò tíì jinná. Kí oòrùn tó rọ̀, inú ti ń lọ́ mi, mo ń bì, ètè mi sì pọ́n fún epo. Ìyá mi dì mí mú, ó ní, "Ta ló fún ẹ lóúnjẹ?"

Bí mo bá ní mo jalè, ẹgba ni. Bí mo bá ní mo tọrọ rẹ̀, ẹgba náà ni. Mo bá ní obìnrin yẹn ló pè mí wọ yàrá, ó ní kí n jẹ ẹ́, kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní lè má mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti wúwo tó. Obìnrin tí kò bímọ, tó pe ọmọ ọlọ́mọ wọlé, tó fún un lóúnjẹ ní kọ̀rọ̀, tí ọmọ náà sì ń bì! Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, gbogbo ilé ti ń pè é ní ohun tí n kò ní fi ọwọ́ mi kọ síbí. Kò sẹ́ni tó ra òjòjò rẹ̀ mọ́. Bó bá ń kọjá, àwọn ìyá á fa ọmọ wọn mọ́ra. Mo wà lójú fèrèsé lọ́jọ́ tó da odindi ajere òjòjò sí ààtàn, mo sì pa ẹnu mi mọ́. Kò pẹ́ tí onílé fi ní kó kó ẹrù rẹ̀. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó wò mí. Ó mọ̀ pé òun kò pè mí wọlé rí, ó sì dájú pé ó ti mọ ibi tí òjòjò mẹ́fà gbà. Ó gbé ẹrù rẹ̀ rù, ó bá tirẹ̀ lọ.

Èmi náà dàgbà, mo di tíṣà, mo sì fi ọdún gbọọrọ sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé òótọ́ ni kí wọ́n máa sọ. Ojú kò tì mí.

Lọ́dún yìí ni àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìsọlọ̀ gbé ètò kan kalẹ̀: wọ́n á fẹsẹ̀ rin àdúgbò, wọ́n á máa tọ́ oúnjẹ ibẹ̀ wò, àgbàlagbà kan á sì máa sọ ìtàn ibẹ̀ fún wọn. Èmi ni wọ́n mú. A fi gúgúrú àti ẹ̀pà bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá ojú irin ní Òṣòdì, a jẹ bọ̀ọ̀lì lọ́nà, ẹnu mi ò sì dúró. Nígbà tí a dé iwájú ilé wa àtijọ́ ní Máfolúkù, ọmọbìnrin kan ń dín òjòjò níbẹ̀. Wọ́n rà á, wọ́n ní, "Màmá, ẹ sọ ti òjòjò fún wa." Mo ní obìnrin kan gbé ilé yìí rí tí òjòjò rẹ̀ dùn gan-an, àmọ́ ó padà sí ìlú rẹ̀. Báyìí ni mo ṣe purọ́ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kejì.

Ọmọ onílé àtijọ́, tó ti di arúgbó, jókòó síwájú ilé. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Àbúrò, má fi àwọn ọmọ yìí ṣeré jàre. Ṣé kì í ṣe ìwọ gan-an ló fẹ́ pa ni? Lílé la lé e!"

"Ẹ dúró ná, Bàbá, kí n ṣe fídíò yín," ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wí. Ọkùnrin náà gún ara jókòó, ó sì ro ìtàn náà bí mo ti gbé e kalẹ̀ ní kékeré, ó wá fi kún un pé ọmọ mẹ́ta ni òjòjò yẹn pa. Kò sí ọmọ kankan tó kú.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, irọ́ ni. Èmi ni mo jí òjòjò yẹn jẹ. Torí pé kò jinná ni mo ṣe bì. Kò fún mi ní nǹkan kan."

Ó wò mí tàánú-tàánú, ó mi orí, ó yíjú sí àwọn ọmọ. "Ṣé ẹ ń gbọ́ ọ? Títí dòní, obìnrin yẹn ò tíì fi í sílẹ̀."

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ó bá a lóòótọ́, àmọ́ irọ́ tèmi ti kọ́lé síbẹ̀, kò sì dìde fún un.

Ayé ti yí padà. Ọmọ ọmọ mi á ṣí fíríìjì, á jẹ ẹran mi, á sì wá fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé òun ni, á máa rẹ́rìn-ín. Mo máa ń pariwo mọ́ ọn, ṣùgbọ́n inú mi ń dùn pé kò bẹ̀rù mi débi tí yóò fi ti ẹlòmíràn síwájú. Ọmọbìnrin tó ń kọ ìtàn sílẹ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa ní ohun tí mo sọ lòun máa kọ, kì í ṣe ti Bàbá. Ó wá béèrè pé, "Màmá, kí lorúkọ màmá tí wọ́n lé lọ yẹn?" Láyé ìgbà yẹn, orúkọ ọmọ la fi ń pe ìyá; ẹni tí kò bá bímọ, ọjà rẹ̀ la fi ń pè é. Olójòjò là ń pè é. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè orúkọ rẹ̀, èmi náà ò bi í.