Dádì Kíláàsì

Ẹnikẹ́ni ò fipá mú Alhaji Ìdrís Ògúnsànyà lọ sí yunifásítì. Táyà ló ń tà jẹ́jẹ́ ní Òkè Àdó. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ọlọ́jà, òun ló máa sọ̀rọ̀ títí ọ̀fun á fi gbẹ, wọ́n á sì ní, "Alhaji, ẹ̀yin ò bá mà ṣe lọ́yà o!" kí ó ṣáà lè dákẹ́. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń fi í ṣe. Alhaji gbà á bí àṣẹ láti òkè wá. Ó fa ṣọ́ọ̀bù lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, ó bá àwọn ọmọdé ṣe ìdánwò àṣewọlé, ó sì rọ́wọ́ mú láti kọ́ ìmọ̀ òfin. Ká má purọ́ mọ́ ọn, orí rẹ̀ pé. Àgbà tó fẹ́ ṣe níbẹ̀ ló fẹ́ bà á jẹ́.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Nabeelah, tó ń gbé Agbowó, fẹ́ kọjá lẹ́yìn àga rẹ̀ ní kíláàsì. "Bọ̀dá Ìdrís, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀."

Ojú Alhaji pọ́n. "Ta ni bọ̀dá ẹ? Èmi àti ẹ la jọ ṣeré òṣùpá? Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà!"

Láti ọjọ́ náà, ó di Dádì gbogbo kíláàsì. Ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀, àga iwájú di tirẹ̀. Inú Dádì ń dùn ṣìnkìn. Ó wá gba orí Wasáàpù kíláàsì lọ: ta ni kò kí òun láàárọ̀, ta ló wọ ṣòkòtò tó ya lórúnkún, gbogbo ẹ̀ ló ń fi ohùn sọ ránṣẹ́ síbẹ̀, ó gùn ju wáàsí Jímọ̀ lọ. Kí làwọn ọmọ náà ṣe? Wọ́n rọra dá Wasáàpù mìíràn sílẹ̀, wọ́n fi Dádì sílẹ̀ nínú ti àtijọ́ pẹ̀lú wáàsí rẹ̀. Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ó rò pé ọ̀rọ̀ òun ló wọ̀ wọ́n lára.

Ìdánwò kan wá ń bọ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Kì í ṣe kékeré: ẹni tó bá gbòdo níbẹ̀ máa tún odidi ọdún ṣe, bẹ́ẹ̀ Alhaji ti lé ní àádọ́ta, kò sí ọdún tó fẹ́ fi ṣòfò. Wọ́n fa ìdánwò náà wá sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú. Orí Wasáàpù tuntun ni ìròyìn náà gbà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Dádì wà nílé ní Bódìjà, ó ń kàwé bí ẹni máa kú.

Nígbà tó dé lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, gbọ̀ngàn ìdánwò ṣófo. Nabeelah ń kọjá, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Dádì."

"Ìdánwò ńkọ́?"

"Haa, Dádì! A ti ṣe é lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

"Ẹ ò wá sọ fún mi?"

"Ẹ má bínú, Dádì. A ò fẹ́ yọ yín lẹ́nu ni."

Alhaji sáré lọ sí ọ́fíìsì olùkọ́ wọn, Dókítà Ìṣọ́raolúwa, obìnrin tí òun fúnra rẹ̀ ti sọ fún rí pé àkọ́bí òun dàgbà jù ú lọ. Obìnrin náà dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó fún un ní àga, ó gbọ́ ọ tán. "Ẹ má dààmú ara yín, Dádì. Ó máa dáa."

Alhaji délé, ó ń yan bí ẹni tó ti borí ẹjọ́. Mujeebat, ìyàwó rẹ̀, ń rẹ́ ilá lọ́wọ́. "Ṣé wọ́n ní àwọn máa ṣe òmíràn fún yín?"

"Wọ́n ní ó máa dáa."

Mujeebat gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Nígbà tí àbúrò bàbá yín ní kí ẹ gba ọmọ òun sí ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ ò sì ní gbà á láéláé, kí lẹ sọ fún bàbá náà?"

"Ó máa dáa" ni Alhaji sọ nígbà náà. Ìgbà yìí ló wá yé e.

Nílẹ̀ tó mọ́, ó padà sí ọ́fíìsì Dókítà, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Yéè! Dádì, ẹ dìde! Ẹ ò fẹ́ kí n dàgbà ni?"

"Mi ò dìde. Ìdrís lorúkọ mi. Ẹ bá mi sọ ọ́ bí ẹ ṣe máa bá Nabeelah sọ ọ́."

Obìnrin náà padà jókòó.

"Ìdrís."

"Mà."

"O ò ṣe ìdánwò, o gbòdo. O máa tún ọdún yìí ṣe. Dìde nílẹ̀, mo níṣẹ́ tí mò ń ṣe."

"O" yẹn ta á ju òdo lọ, omi lé ròrò sójú àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n látọjọ́ tó ti wọ ilé-ìwé náà, ẹnikẹ́ni ò tíì bá a sọ òótọ́ kankan àfi ìyẹn.

"Ẹ ṣé, mà," ló wí, ó sì dìde.