Irin Ìjì Tí N Kò Lù

Ní àdúgbò wa lọ́nà Òkè-Ọ̀dàn, bí àrá bá ń sán, a kì í dúró sábẹ́ igi, a kì í di irin mú, a sì máa ń da aṣọ bo dígí. Mo ti mọ èyí kí n tó wọ ilé ìwé, ilé ìwé tí n kò sì pẹ́ níbẹ̀. Ẹ wá bá mi wò ó: kí ló dé tí mo fi gbà láti máa lu irin lábẹ́ igi máńgòrò bí ìjì bá ń bọ̀?

Ìpàdé àdúgbò ló kó bá mi. Ìjì ti ṣí páànù ilé púpọ̀ lọ́dún tó kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sì wá kọ́ wa pé bí ojú ọ̀run bá ti yí padà, kí àwọn tó ń gbé ilé amọ̀ tètè sá lọ sí ilé ìwé tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́. A so irin táyà ọkọ̀ akẹ́rù kọ́ sórí máńgòrò ẹ̀gbẹ́ ilé mi, kó jẹ́ agogo ìkìlọ̀. Wọ́n ní ta ni yóò máa lù ú. Ẹnu mi yá ju ẹsẹ̀ mi lọ: "Èmi ni!" Àwọn awakọ̀ tó ń ná Ìdí-Ìrókò bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi ní "Ṣẹ́ẹ̀fù," bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀gá lódìkejì ibodè. Mo sì ń dáhùn!

Ẹni tí irin náà wà fún jù ni Màmá, opó tó ń gbé ilé amọ̀ tó kọjú sí tèmi. Orúnkún ń dùn ún. Ó ní òun ò ní máa wo ojú ọ̀run kiri, irin mi lòun ó máa gbọ́.

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí dé lọ́sàn-án. Ìkùukùu dúdú gbéra láti ọ̀nà Ìlaròó. Mo mú òòlù, mo dé ẹnu ọ̀nà. Àrá sán. Mo padà, mo ní kí n kọ́kọ́ bo dígí ná. Mo tún jáde. Mọ̀nàmọ́ná kọ yànràn lórí máńgòrò bí ẹni pé èmi ló ń wá.

Ìyàwó mi ń kó aṣọ wọlé. "Bàbá, ẹ ò lọ lu irin ni?"

"Mò ń lọ."

"Abẹ́ tábìlì lẹ gbà ń lọ?"

Lóòótọ́, abẹ́ tábìlì ni mo wà. N ò mọ ìgbà tí mo débẹ̀.

Ó já òòlù gbà lọ́wọ́ mi. Bó ṣe ṣílẹ̀kùn, Màmá ló bá níbẹ̀, òjò ti pa á, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ṣé ó wà láàyè? N ò gbọ́ irin, mo ní àrá ti pa á."

Kò tíì jókòó tán tí a gbọ́ gbàà! Páànù ilé rẹ̀ fò lọ, igi àjà sì já lulẹ̀ sórí ibùsùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò lórí rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo wà lórí ilé rẹ̀, mo ń kan páànù. Bí oòrùn bá ràn, akọni ni mí. Gbogbo ẹni tó wá kí Màmá ló ń sọ fún pé, "Ọpẹ́lọpẹ́ ẹni orí òkè yìí. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe jáde nílé." Wọ́n á gbójú sókè: "Ẹ ṣeun o, Ṣẹ́ẹ̀fù!" Ìtìjú bò mí débi pé mo fi òòlù gbá àtàǹpàkò ara mi. Ó tọ́ sí mi.

Nígbà tí àlejò lọ tán, mo sọ̀kalẹ̀. "Màmá, ẹ má yìn mí mọ́. Mo sá ni."

"Mo rí ọ lábẹ́ tábìlì. Orúnkún ló ń dùn mí, kì í ṣe ojú."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi ń yìn mí?"

"Ṣé kí n sọ fún wọn pé mo la ìjì kọjá torí ẹni tó ń fara pamọ́? Ojú ń ti èmi náà."

Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, mo dìde, mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Bàbá alága ní kí a gbé irin lọ sí fàráńdà ilé ìwé. Mo ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Màmá ní, "Rárá o. Ẹni tí ẹ̀rù àrá ń bà ló ń tètè rí ìkùukùu. Ṣùgbọ́n kó máa kọ́kọ́ wá mú mi, ká jọ máa lọ."

Báyìí, bí ojú ọ̀run bá ṣú díẹ̀, mo ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Nígbà mìíràn, òjò ọ̀hún kì í rọ̀ rárá. A ó rìn lọ lu irin nílé ìwé, a ó rìn bọ̀, èmi àti ìyá arúgbó, àwọn ọlọ́kadà á máa fọn fèrè sí wa. Ojú á máa tì mí, ilẹ̀ ni mo máa ń wò.